Bí A Ṣe Ń Báláńsì Pùròpẹ́là Bàálù Kékeré Tí A Fọwọ́ Ara Ẹni Tò

Gíráàmù mẹ́wàá kò tó nǹkan kan lórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá pùròpẹ́là kan, níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà 80 jìnnà sí àárín, kí ẹ́ńjìnnì máa yí i ní ìgbà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, yóò máa fa ṣáàfù (ọ̀pá ẹ́ńjìnnì tó ń yí pùròpẹ́là) bí ìgbà tí ẹrù kílò 65 bá so rọ̀ mọ́ ọn. Ìfà yẹn kì í dúró sójú kan: ìgbà 45 ló ń yí ká láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ń ti imú bàálù sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni bóòtù tó ń tú fúnra rẹ̀ ti ń wá, àti sàlẹ́ńsà tó ń sán, àti rẹ́díò tó ń ṣe ségesège, àti ọwọ́ awakọ̀ tó ń kú lórí ọ̀pá ìdarí.

Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ to bàálù máa ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé ju ẹni tó ra ti ilé-iṣẹ́ lọ. Òun ló yan ẹ́ńjìnnì, òun ló yan pùròpẹ́là, òun ló so wọ́n pọ̀, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni ti dán irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ṣáájú rẹ̀.

Báláńsì ni mímú kí ìwúwo pùròpẹ́là dọ́gba yí àárín rẹ̀ ká. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí pín sí. Nínú báláńsì ojú kan, a ó tú pùròpẹ́là kúrò lára bàálù, a ó gbé e sórí ohun tó lè yí wọ́ọ́rọ́wọ́, a ó sì wo ibi tó wúwo sí. Nínú báláńsì orí ìyípo, pùròpẹ́là wà lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan sì ń wọn bí imú bàálù ṣe ń gbọ̀n tó. Ẹ má fi èkejì rọ́pò èkíní. Ìwọ̀n tí a bá so mọ́ àwo ẹ̀yìn fìlà pùròpẹ́là (ìbòrí ṣóńṣó tó bo àárín rẹ̀) kò sí lójú ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn apá, nítorí náà bí àìdọ́gba bá pọ̀, ẹ ó pa ìgbọ̀n kan, ẹ ó sì dá òmíràn sílẹ̀.

Gbogbo nǹkan tí mo kọ síbí wà lábẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe pùròpẹ́là yín àti ẹ́ńjìnnì yín bá sọ nínú ìwé wọn. Bí ìwé wọn bá takò mí, ìwé wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo màgínẹ́tò (ẹ̀rọ tó ń dá iná púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ láìlo bátìrì) lè ṣáná nígbà tí ẹ bá fọwọ́ yí pùròpẹ́là, kódà kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi pípa. Wáyà kékeré kan ló ń pa màgínẹ́tò. Bí wáyà yẹn bá já, kọ́kọ́rọ́ kò ní agbára kankan mọ́. Nítorí náà, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, ẹ ti epo pa, ẹ há táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì tú wáyà orí àwọn púlọ́ọ̀gì kúrò. Bí ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì kan kúrò nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ó sàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì á rọrùn láti yí, kò sì ní tẹ afẹ́fẹ́ padà sí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa bá pùròpẹ́là lò bí ohun tó lè ṣáná nígbàkigbà. Ẹ má dúró sí ojú ibi tó ń gbà kọjá.

Àwọn ohun tó ń fara jọ àìdọ́gba

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò àkókò. Wọ́n á yá ẹ̀rọ, wọ́n á so ìwọ̀n mọ́ ọn, ìgbọ̀n á dín kù díẹ̀, á tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo ló wà ńlẹ̀ látilẹ̀wá. Mo máa ń fi báláńsì sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn tí mo bá ti yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò.

Ẹ kọ́kọ́ wẹ pùròpẹ́là. Òkú kòkòrò àti ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ apá kan ní ìwúwo tiwọn. Ẹ ṣí fìlà ṣóńṣó tó bo àárín rẹ̀, kí ẹ nu omi, gíríìsì àti eruku inú rẹ̀. Bí pùròpẹ́là bá jẹ́ ti igi tí a fi irin bo etí rẹ̀, ẹ wá àwọn ihò tín-tìn-tín tó wà ní ṣóńṣó irin náà. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Bí ọ̀dà bá ti dí wọn, apá náà ń gbé omi kiri.

Ẹ fi ojú àti èékánná yẹ apá kọ̀ọ̀kan wò láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí ẹ bá rí ibi tó sán, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà. Kò sí báláńsì fún pùròpẹ́là tó sán. Ibi tí òkúta ti bù jẹ ní etí iwájú gbọ́dọ̀ di títúnṣe kí ẹ tó wọn ohunkóhun, nítorí àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ á yí ìwúwo padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí bóòtù. Igi ń wú nígbà òjò, ó sì ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí náà bóòtù tó le dáadáa ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn lè ti dẹ̀ lónìí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Pùròpẹ́là onígi tí bóòtù rẹ̀ dẹ̀ á máa yún ara rẹ̀ mọ́ àwo irin, igi ibẹ̀ á gbóná, á dúdú, á jó. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun pupa tàbí dúdú yí àárín ká, ẹ tú u wò. Sípánà olóòṣùwọ̀n ni kí ẹ fi fún bóòtù le, kì í ṣe agbára apá, kí ẹ sì máa fò láti bóòtù kan sí èyí tó kọjú sí i, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo wọn á fi dé iye tí ìwé sọ.

Ó kan ipa ọ̀nà tí ṣóńṣó apá ń tọ̀. Ẹ gbé àpótí tàbí pákó kan tí kì í mì síwájú ṣóńṣó apá kan, kí ẹ fa ìlà síbi tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Ẹ rọra yí i títí apá kejì á fi dé ibẹ̀. Ó yẹ kó kọjá lójú ìlà kan náà. Fún pùròpẹ́là irin tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ìyàtọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 1.6 lọ, fún ti igi, mìlímítà 3.2. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wò bóyá ìdọ̀tí tàbí ọ̀dà wà láàárín pùròpẹ́là àti àwo ṣáàfù, bóyá bóòtù kan le ju èkejì lọ, tàbí bóyá apá kan ti tẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi pùròpẹ́là gbá nǹkan rí, ẹ fi ìwọ̀n olójú aago wo ṣáàfù fúnra rẹ̀ bóyá ó tẹ̀.

Bí pùròpẹ́là yín bá jẹ́ irú èyí tí a ń fọwọ́ yí igun apá rẹ̀ nílẹ̀, èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ gbé apá kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n igun kan án níbi tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin láti àárín dé ṣóńṣó, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá gbé apá kejì wá sí ipò kan náà gan-an. Apá tí igun rẹ̀ fi ààbọ̀ dígírì ju ti èkejì lọ ń fa afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ, ó sì lè gbọ̀n bàálù lọ́nà tí ìwọ̀n kankan kò lè wò sàn, nítorí pé fífà ni kò dọ́gba, kì í ṣe ìwúwo. Àmì rẹ̀ rọrùn láti mọ̀: ẹ ó báláńsì rẹ̀ tán ní eré kan, yóò dákẹ́, ẹ ó fi agbára kún un, ìgbọ̀n á tún dé.

Ẹ yẹ rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé wò, ẹ wo púlọ́ọ̀gì, ẹ wo agbára ìtẹ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ méjì, ẹ rí i pé àwọn méjèèjì ń ṣí pọ̀. Sílíńdà tó rẹ̀ ń gbọ̀n bàálù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n rẹ̀ kò bá yíyí pùròpẹ́là rìn.

Báláńsì ojú kan

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Ọ̀pá irin tó gún régé, tó sì wọ ihò àárín pùròpẹ́là láì mì. Ojú irin méjì tó mú, tó tẹ́jú, tí a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tàbí bíárínì mẹ́rin tí a to ní méjì méjì tí ọ̀pá á lè jókòó lé. Lẹ́fẹ́lì olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò. Iyàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀.

Ti afẹ́fẹ́ yẹn kì í ṣe àwàdà. Fáànù tó ń yí ní igun iyàrá tó láti ti apá pùròpẹ́là, ẹ ó sì máa lépa ìwúwo tí kò sí. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù. Bí ó bá jẹ́ ti igi, ẹ jẹ́ kó sùn nínú iyàrá náà fún ọjọ́ kan ó kéré tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ fi lẹ́fẹ́lì rí i pé ojú irin méjèèjì tẹ́jú ní gígùn àti ní ìbú.

2. Ẹ ti ọ̀pá bọ pùròpẹ́là, ẹ gbé e lé orí irin. Ẹ fi lẹ́tà A sí apá kan, B sí èkejì, kí ẹ má baà dàrú.

3. Ẹ dán ìdúró náà wò. Ẹ lẹ téèpù kékeré tó tó gíráàmù kan mọ́ ṣóńṣó apá kan. Bí pùròpẹ́là kò bá mọ̀ pé nǹkan kan bà lé òun, ìdúró yín kò yí wọ́ọ́rọ́wọ́ tó fún iṣẹ́ yìí, ẹ nu irin, ẹ yí bíárínì padà, kí ẹ tún un ṣe.

4. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ rọra fi í sílẹ̀. Apá tó wúwo á lọ sílẹ̀. Ẹ máa lẹ téèpù mọ́ ṣóńṣó apá tó fúyẹ́ títí kò fi ní lọ síbì kankan mọ́.

5. Ẹ wá gbé e dúró ṣánṣán, A lókè, B nísàlẹ̀. Bí ó bá ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ara àárín ló wúwo sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Apá méjèèjì lè dọ́gba pátápátá kí ẹ̀gbẹ́ àárín má dọ́gba. Ẹ yí B sókè, kí ẹ tún un wò.

6. Ẹ yí ọ̀pá nìkan ní ìdajì nínú ihò rẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kẹrin. Bí ibi tó wúwo bá bá ọ̀pá yí, ọ̀pá ni kò dára. Bí ó bá dúró ti pùròpẹ́là, òótọ́ ni ẹ rí.

Fún pùròpẹ́là alápá mẹ́ta, ẹ gbé apá kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èwo ni kì í fẹ́ dúró. Bí apá kan bá wúwo, àwọn méjì tó kù ni ẹ ó pín ìwọ̀n fún.

Nígbà tí téèpù bá ti fi hàn yín ibi tí ìwọ̀n ń lọ, ẹ wọn téèpù náà. Ìwúwo ní ìlọ́po ìjìnnà ni a ń ṣírò: gíráàmù 2 ní ṣóńṣó, sẹ̀ǹtímítà 80 sí àárín, ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú gíráàmù 16 ní sẹ̀ǹtímítà 10.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ di títí ayé dá lórí ohun tí a fi ṣe pùròpẹ́là. Ti igi ló rọrùn jù: ẹ fọ́n fáníìṣì sí ìdajì òde apá tó fúyẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n. Fáníìṣì tútù wúwo ju gbígbẹ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí apá tí ẹ fọ́n wúwo ju èkejì lọ díẹ̀ nígbà tó ṣì tútù, yóò padà bọ̀ sípò bó ṣe ń gbẹ. Iye tí á fi padà yàtọ̀ láti fáníìṣì kan sí òmíràn, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí pákó. Ti irin, ẹ má fi fáìlì kàn án. Irin tí a bá ha kúrò ní ibi tí kò yẹ lè di ibi tí apá á ti sán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti tún pùròpẹ́là ṣe. Ti fáíbà àti kábọ́ọ̀nù sábà máa ń ní àyè tí ilé-iṣẹ́ ti dá sílẹ̀ fún ìwọ̀n ní àárín. Àyè yẹn nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má lu ihò tuntun.

Dídá a padà

Kí ẹ tó tú pùròpẹ́là ló yẹ kí ẹ ti fi àmì sí bó ṣe jókòó lórí ṣáàfù àti bí fìlà ṣe jókòó lórí àwo rẹ̀. Bí ẹ bá yí i sí ihò mìíràn, gbogbo báláńsì orí ìyípo tó ti wà tẹ́lẹ̀ ti dòfo nìyẹn, nítorí pé àìdọ́gba ṣáàfù, àwo, fìlà àti pùròpẹ́là ló ń para pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ fún bóòtù le bí mo ṣe sọ, ẹ fi wáyà dè wọ́n kí wọ́n má baà tú, ẹ tún ipa ọ̀nà ṣóńṣó wò, kí ẹ sì dá fìlà padà. Fìlà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ nígbà báláńsì orí ìyípo, bí ẹ kì í bá ti fò láì wọ̀ ọ́.

Báláńsì orí ìyípo

Ẹ nílò ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbọ̀n, tí wáyà rẹ̀ gùn dé inú àyè awakọ̀. A ń ka ìgbọ̀n yẹn ní íǹṣì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní IPS. Tó bá dín sí 0.07, ó dára gan-an. 0.2, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe ààlà ohun tí a lè gbà. Bí ẹ bá kà tó 1.2 ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú pùròpẹ́là, kí ẹ padà sórí báláńsì ojú kan. Ìwọ̀n tí a so mọ́ fìlà kọ́ ni oògùn irú èyí.

Àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá ní iná tó ń wo téèpù tó ń dán lẹ́yìn apá, wọ́n sì ń sọ igun ibi tó wúwo fún yín tààrà. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìwé rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò nílò iná yẹn rárá. Iye ìgbọ̀n nìkan ló ń fẹ́, pẹ̀lú kọ́ńpáàsì ìyàwòrán, rúlà àti ìgbà mẹ́rin tí ẹ ó tan ẹ́ńjìnnì. Fóònù lè fi hàn pé ìgbọ̀n pọ̀ sí i tàbí dín kù, ṣùgbọ́n èmi ò ní fọkàn tán an láti fi pinnu ìwọ̀n.

Ẹ de ẹ̀rọ náà mọ́ ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, níbi tó sún mọ́ pùròpẹ́là jù, kó dojú kọ òkè tàbí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú. Ìbòrí ẹ́ńjìnnì kò ṣe é dè é mọ́, nítorí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìgbọ̀n tiẹ̀. Ẹ de wáyà rẹ̀ pinpin jìnnà sí sàlẹ́ńsà àti sí ojú pùròpẹ́là.

Ẹ yan àkókò tí afẹ́fẹ́ rọ̀, kí imú bàálù kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kó má ní òkúta. Ẹ so ìrù mọ́ nǹkan tó lágbára, ẹ há táyà. Ẹnì kan á wà nínú bàálù lórí bíréèkì, ẹnì kan á wà níta, wọn á sì ti fẹnu kò lórí àmì ọwọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ iwájú títí pùròpẹ́là á fi dúró, tí a ó sì ti rí kọ́kọ́rọ́ ní ibi tí a fi í sí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó kí ẹ tó ka ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí eré tí ẹ sábà fi ń fò, tàbí èyí tó bá sún mọ́ ọn jù nílẹ̀. Ẹ di eré yẹn mú ní gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láì yẹ̀. Ẹ ka iye lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú àárín wọn. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ooru epo àti ooru sílíńdà. Bàálù tó dúró sójú kan kì í rí afẹ́fẹ́ tó. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ní gíábọ́ọ̀sì, ẹ rántí pé eré pùròpẹ́là yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì: ẹ́ńjìnnì Rotax 912 ULS ń dín in kù ní ìlọ́po 2.43, ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, pùròpẹ́là ń yí ní nǹkan bíi ìgbà 2,263. Ìgbọ̀n tó bá eré pùròpẹ́là mu ni kí ẹ̀rọ yín máa kà.

Ká sọ pé àwo ẹ̀yìn fìlà ní ihò mẹ́fà tó jìnnà síra lọ́gbọọgba, dígírì 60 láàárín wọn. Ẹ kọ 1 dé 6 sí wọn lára.

Ìgbà àkọ́kọ́, láìsí ìwọ̀n kankan: ká ní ẹ rí 0.60.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi bóòtù kékeré àti wọ́ṣà tó jẹ́ gíráàmù 15 lápapọ̀ sí ihò 1. Ẹ tan án: 0.42.

Ẹ gbé ìwọ̀n kan náà lọ sí ihò 3: 0.62. Ẹ tún gbé e lọ sí ihò 5: 0.89. Bí ó bá gbọ̀n ju èyí tí ara yín lè gbà lọ nígbà kan, ẹ tètè pa á, kí ẹ lo ìwọ̀n tó kéré sí i, kí ẹ sì tún àwọn ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n tuntun náà.

Ó di orí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 0.1. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ya òbìrìkìtì kan tó fi sẹ̀ǹtímítà 6 jìnnà sí àárín rẹ̀. Ẹ fi àmì mẹ́ta sí etí rẹ̀: ihò 1 ní dígírì 0, ihò 3 ní 120, ihò 5 ní 240, kí wọ́n tò bí wọ́n ṣe tò lára àwo. Ẹ gún kọ́ńpáàsì lé àmì ihò 1, ẹ ṣí i ní sẹ̀ǹtímítà 4.2, kí ẹ ya òbìrìkìtì. Lórí ihò 3, 6.2. Lórí ihò 5, 8.9. Àwọn òbìrìkìtì mẹ́ta wọ̀nyí á pàdé lójú kan. Bí wọn kò bá pàdé gan-an, tí wọ́n fi àlàfo kékeré sílẹ̀, ẹ mú àárín àlàfo náà. Bí àlàfo náà bá tóbi, eré yẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́. Ẹ tún ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe.

Ẹ fa ìlà láti àárín òbìrìkìtì ńlá dé ibi tí wọ́n ti pàdé. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìlà náà á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, á sì kọjú sí dígírì 40, láàárín ihò 1 àti ihò 2. Ibi tó kọjú sí ni ìwọ̀n ń lọ. Iye rẹ̀: gíráàmù 15, ní ìlọ́po 6, ká pín in sí 3. Ó di gíráàmù 30.

Kò sí ihò ní dígírì 40, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lu òmíràn nítorí ẹ̀. Ẹ pín in sí ihò méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gíráàmù 12 ní ihò 1, gíráàmù 22 ní ihò 2. Ẹ ò ṣìṣe bí ẹ bá rí i pé àpapọ̀ wọn ju 30 lọ. Nítorí pé wọn kò sí lójú kan náà, apá kan nínú ìfà wọn ń pa ara wọn. Bí a ṣe rí iye yẹn lórí ìwé: láti ibi ìpàdé yẹn lórí àwòrán, níbi tí ìlà sẹ̀ǹtímítà 3 dúró fún gíráàmù 30, ẹ fa ìlà padà, kó kọjú bákan náà pẹ̀lú ìlà tó ti àárín lọ sí ihò 2, títí á fi kan ìlà tó ti àárín lọ sí ihò 1. Ẹ fi rúlà wọn ìlà tuntun náà fún ihò 2, àti láti àárín dé ibi tó ti kan ìlà ihò 1 fún ihò 1.

Ẹ tú ìwọ̀n ìdánwò, gíráàmù 15 yẹn, kúrò kí ẹ tó so ti gidi. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó rọrùn láti gbàgbé rẹ̀ ní ihò 5.

Ìwọ̀n àti ohun tó dè é

Bóòtù bàálù tí kò kéré ju AN3 (orúkọ ìwọ̀n bóòtù bàálù kan) lọ, wọ́ṣà irin, nọ́ọ̀tì tó ń di ara rẹ̀ mú. Ìwọ̀n ìdánwò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti bóòtù, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ìwọ̀n alẹ̀mọ́ tí àwọn fọganáísà ń lẹ̀ mọ́ rímù táyà kò sí fún iṣẹ́ yìí: ní eré pùròpẹ́là, á já, ẹ ò sì mọ ibi tó máa bà. Gíráàmù 15 ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín, ní yíyí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ń fa tó kílò 10 fúnra rẹ̀. Ẹ má so ìwọ̀n mọ́ bóòtù tó di pùròpẹ́là mú, nítorí wọ́ṣà tó bá kún un á yí bí bóòtù yẹn ṣe le padà. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fọwọ́ yí pùròpẹ́là yípo kan, kí ẹ rí i pé orí bóòtù kò kan ìbòrí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ tan án lẹ́ẹ̀kan sí i. Àpẹẹrẹ tí mo ṣe yẹn á já sí òdo lórí ìwé. Lórí bàálù gidi, bí ẹ bá rí nǹkan tó dín sí 0.1, ó ti tó. Àwọn kan á máa lépa 0.03 títí ilẹ̀ á fi ṣú, àyípadà afẹ́fẹ́ lásán sì lè ju nǹkan tí wọ́n ń lépa lọ. Ohun tó wúlò ju ìyẹn ni kí ẹ kà á ní eré méjì mìíràn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí ó bá dákẹ́ ní eré tí ẹ fi báláńsì rẹ̀, tó sì ń pariwo ní eré tó kù, ẹ padà lọ wo igun apá.

Ẹ kọ ohun gbogbo sínú ìwé àkọsílẹ̀ bàálù: iye ìgbọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn, eré tí ẹ fi kà á, iye ìwọ̀n, ihò tí wọ́n wà, wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe. Bí ẹ bá tú pùròpẹ́là, tí ẹ kun ọ̀dà, tí ẹ tún ibi tí òkúta bù jẹ ṣe, tí ẹ pààrọ̀ fìlà, tàbí tí ẹ lẹ téèpù ààbò mọ́ etí iwájú apá, iṣẹ́ náà di ọ̀tun. Téèpù yẹn gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo apá, kó gùn bákan náà, kó bẹ̀rẹ̀ níbì kan náà.

Lẹ́yìn ìfò àkọ́kọ́, ẹ ṣí fìlà, kí ẹ fi sípánà olóòṣùwọ̀n kan bóòtù ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Fún ti igi, ẹ kan àwọn bóòtù pùròpẹ́là pẹ̀lú, ẹ sì tún un ṣe nígbàkigbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá dá. Bí bàálù bá ń sùn nínú gáréèjì, ẹ fi pùròpẹ́là onígi sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ, má ṣe fi í dúró ṣánṣán, kí omi inú igi má baà ṣàn gba apá ìsàlẹ̀.